Ojú Ìwé Kan, Lárì Mẹ́wàá

Èmi Òtárì, èmi ni mo ń túmọ̀ ìwé fún àwọn tó ń lọ.
Yàrá mi kò ju àpótí lọ, lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní Tìbílísì,
ó fara ti ilé búrẹ́dì.
Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú,
òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló ń ta sánsán lára gbogbo wọn
kí wọ́n tó dé iwájú ẹni tí yóò sọ pé rárá.
Ìwé ìrìnnà tèmi wà nínú dúróà. Ó mọ́ tónítóní.

Nàtẹ́là wọlé nínú òtútù oṣù kejì.
Ó ní Ítálì lòun ń lọ, ìlú Bárì,
láti tọ́jú ìyá arúgbó kan tí òun kò mọ̀ rí.
Mo gba ìwé ìbí rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ iná:
orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ti kú,
òǹtẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù, tó ṣì dúdú bí aró.
Ta ni a ó wá bi pé lóòótọ́ ni wọ́n bí obìnrin yìí?
Òun alára dúró síwájú mi, ó ń wúkọ́.
Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni;
ìjánu tirẹ̀ ti já lójú lẹ́tà kan.
Nínú ìwé ìbí, "l" méjì. Nínú páálí ìrìnnà, ẹyọ kan.
Nótárì ní ká lọ sí kóòtù,
kóòtù ní ká padà sọ́dọ̀ nótárì,
nígbà tí a ó fi dé, fọ́tò rẹ̀ ti ju oṣù mẹ́fà lọ.
Wọ́n ní kó ya òmíràn, kó má rẹ́rìn-ín.
Bí ẹni pé ẹ̀rín ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Fọ́ọ̀mù béèrè: kí ni yóò mú ọ padà wálé?
Ó ronú títí tíì mi fi tutù.
"Kọ ọ́ pé mo ní igi àjàrà méjìlá ní Kùtáísì,
pé bí n kò bá rẹ́wọ́ wọn lóṣù kẹta,
wọ́n á di igbó."
Mo ní, "Màmá, àkáǹtì báǹkì ni wọ́n ń béèrè."
Ó ní, "Kọ àjàrà."
Mo kọ àjàrà. Mo tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Wọ́n kọ̀. Lẹ́tà náà mọ ìwà hù:
ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀,
kò dá owó rẹ̀ padà.

Nígbà tí ọdún yípo, físà jáde.
Kò pariwo. Ó ra búrẹ́dì, ó fà á ya sí méjì fún wa,
ó wá yọ ìwé kan tí kò ní òǹtẹ̀ rárá,
lẹ́tà láti ọwọ́ ọmọ arúgbó Bárì:

"Màmá mi kì í sùn lóru.
Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tútù.
Bó bá pe Fitóríò, ẹ dáhùn. Fitóríò ti kú.
Inú bàtà ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí.
Bó bá ń sunkún, ẹ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ẹ má di ọ̀tún."

Bí mo ṣe ń kà á ló ń mi orí.
"Ìyá mi gan-an nìyẹn," ó ní,
"àfi pé ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa."
Mo béèrè ẹni tí yóò máa dì í mú.
Ó ní ará ilé kejì. Òun yóò máa fowó ránṣẹ́.

Mo ní n kò gbowó ojú ìwé yẹn.
Ó ka lárì mẹ́wàá sórí tábìlì, ní ẹyọ-ẹyọ,
ó ní kí n tẹ òǹtẹ̀ lé e.
Mo ní lẹ́tà ilé lásán ni, kò sí ọ́fíìsì tí yóò béèrè rẹ̀.
"Tẹ̀ ẹ́," ó ní, "kí n lè gbà pé òótọ́ ni."

Mo tẹ̀ ẹ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù kẹta wọlé.